Ta Ni Ń Ṣọ́ Igbó Ọba?

 

Ọ̀rọ̀ oyè ni a sọ ní ìjókòó wa tí ó kọjá. Bí a ti ń kádìí rẹ̀ nílẹ̀ ni atọ́kùn ètò yìí ju ìbéèrè kan lù mí. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, a ti gbọ́ nípa ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọba, a ti gbọ́ nípa ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin ọba àti ẹni tí ń fi ìlù jí ọba. Ẹni tí ń ṣọ́ igbó ọba ńkọ́? Ṣé oyè ni tirẹ̀, àbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn, nítorí pé àkókò ti tán. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi. Igbó ọba kan wà lẹ́yìn agboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sí ọmọ tí ó jẹ́ ṣẹ́gi níbẹ̀. Ìyá mi àgbà kì í tilẹ̀ nàka sí i. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ni ó kún ibẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n gé igi àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò kéde rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jà sí i. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ atọ́kùn pé kí ó jẹ́ kí n fi ìjókòó òní dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Jámánì ni a wà, ìdáhùn kò ní pẹ́ rárá. Oyè ni, oyè ńlá sì ni. Ní ààfin àwọn tí ń jọba lé Bavaria lórí ní ìlú Munich, alábòójútó àgbà kan wà fún gbogbo ọgbà ọba. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Friedrich Ludwig Sckell. A bí i ní 1750. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ààfin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà inú ọgbà ni ó dàgbà sí bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń dàgbà sí ìdí ẹwìrì. Wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lọ wo bí àwọn ti ibẹ̀ ṣe ń ṣe tiwọn. Ní 1789, nígbà tí Karl Theodor tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ọgbà ńlá kan sí Munich, tí gbogbo ará ìlú yóò máa gbafẹ́ nínú rẹ̀, Sckell wà lára àwọn tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní 1804 ó di alábòójútó gbogbo ọgbà ààfin. Ní 1808 ọba dá a lọ́lá, ó sì di ara àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà, tí a ń fi ọ̀rọ̀ "von" síwájú orúkọ wọn. Ó kú ní 1823. Ọgbà náà ṣì wà ní Munich títí di òní olónìí.

Ohun kan wà nínú ìwé tí ọkùnrin yìí tẹ̀ jáde ní 1818 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó ní bí òun bá fẹ́ fa ìlà ọ̀nà tàbí ti etí omi, òun kì í gbára lé bébà nìkan. Ọ̀pá gígùn kan tí ó ní irin ṣóńṣó lẹ́nu ni òun ń mú lọ́wọ́. Òun a gbójú sókè, òun a máa rìn lọ, ọ̀pá náà a sì máa fa ìlà sí ilẹ̀ bí ojú òun bá ti ń darí ẹsẹ̀ òun. Ẹ fi ojú inú wo ìjòyè kan tí ó ń fi ọ̀pá kọ̀wé sí orí ilẹ̀ ọba rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àpò ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, òfin ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọba sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá fa ìlà dé, ibẹ̀ ni ọgbà dé.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ọgbà, ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi. Kí ọgbà tó di ibi tí a gbin òdòdó sí, ohun tí a fi yí nǹkan ká ni. A máa ń sọ pé ẹnì kan ṣọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ibi tí a bá sì ti yí ká ni àwa náà wá ń pè ní ọgbà: ọgbà ẹranko, ọgbà ilé-ìwé, títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Igbó ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kì í ṣọgbà yí igbó ọba tàbí igbó òrìṣà ká. Màrìwò díẹ̀ lè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì tán. Èèwọ̀ ni ọgbà rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí o wọ ibẹ̀ wà nínú ìwọ fúnra rẹ. Inú ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ àgbà kọ́ ọ ni ó wà. Nítorí náà, nígbà tí èèwọ̀ bá jáde kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn, ọgbà ti wó nìyẹn, bí ojú ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i pé ohun kan wó. Ó dá mi lójú pé bí igbó ẹ̀yìn agboolé wa ṣe lọ nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, mo mọ igbó kan tí ọgbà rẹ̀ wó tán tí a sì tún un kọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni. Àjèjì kan tí ó ń sọ èdè Jámánì wà lára àwọn tí ó tún un kọ́, obìnrin sì ni. Ìtàn rẹ̀ ni ó sún mọ́ ìbéèrè atọ́kùn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí igbó náà fi jẹ́ ti ọba. Ìtàn àwọn ará Òṣogbo sọ pé inú igbó yẹn, lẹ́bàá odò, ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ ìlú dó gé igi kan, igi náà ya lu odò, ohùn kan sì jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni. Wọ́n bá a mulẹ̀, ó sì bá wọn mulẹ̀: òun yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n ṣí lọ sí ibi tí ìlú wà nísinsìnyí, wọ́n sì fi ojú ààfin àtijọ́ àti ojú ọjà àtijọ́ sílẹ̀ sínú igbó. Májẹ̀mú yìí ni Àtáọ́ja ń lọ tún ṣe ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí Arugbá bá ru igbá lọ sí odò. Ẹ rí i pé kì í ṣe ibi tí ọba ti ń gbafẹ́ ni igbó yìí. Ìwé ẹ̀rí ìlú ni. Ẹni tí ó bá gé e, májẹ̀mú ni ó gé.

Síbẹ̀, wọ́n gé e. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, àwọn àwòrò ti ń dín kù, ojúbọ ti ń wó, àwọn olè sì ń jí ère ìbílẹ̀ kó lọ tà. Ẹ̀ka ìjọba tí ń mójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan nínú rẹ̀ fún oko ìdánwò; wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin irú èyí tí ó wù wọ́n. Àwọn mìíràn ń fọ́ òkúta ibẹ̀ fún ilé kíkọ́. Ọdẹ ń ṣọdẹ níbẹ̀, apẹja ń pẹja nínú odò tí ẹja rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí a máa di ẹrù gbogbo lé òyìnbó lórí.

Ìgbà náà ni Susanne Wenger dé. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Ọ́stríà ni a ti bí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje, 1915. Kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì jẹ oyè kankan nílé. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Vienna, ìlú yẹn ni ó sì wà nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní 1949 ó pàdé Ulli Beier ní Paris, ọmọ Jámánì kan tí ìjọba Hitler ti lé ìdílé rẹ̀ kúrò nílé. Àwọn méjèèjì di tọkọtaya, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní 1950, níbi tí Beier ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wá di Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé yóò rántí Beier nítorí ìwé ìròyìn Odù àti Black Orpheus. Ọkọ ni òkìkí kọ́kọ́ kàn. Ìyàwó kò gbádùn inú ọgbà yunifásítì; ó ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá láì rí Yorùbá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a gúnlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Láti Ìbàdàn wọ́n ṣí lọ sí Ẹdẹ. Níbẹ̀ ni ó ti bá Ajagẹmọ pàdé, olórí àwọn olùsìn Ọbàtálá ní ìlú náà. Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n sọ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ bàbá náà tẹ́wọ́ gbà á, ó sì fi ọ̀nà òrìṣà hàn án. Ó gbé ní Ìlobùú, lẹ́yìn náà ni ó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀ láì di ọ̀tá. Ó fẹ́ onílù kan ní Òṣogbo, ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ tọ́, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Àdùnní. Àdùnní Olóòrìṣà ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí.

Ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà ni Àtáọ́ja Samuel Adélẹ́yẹ Adénlé, tí ó jọba láti 1944 títí di 1975. Ọba yìí ni ó ní kí ó wá tún àwọn ojúbọ tí ń wó ṣe. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìpa tí ọba náà kó. Bí Àdùnní kò bá rí ẹ̀yìn ọba, oṣù mẹ́ta kò ní pé tí wọn yóò fi lé e jáde nínú igbó náà.

Kí ni ó wá ṣe? Lójú ẹni tí ó bá yára wò ó, ère ni ó ń ṣe. Ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ: bíríkìlà bí Adébísí Àkànjí àti Sàká Àrẹ̀mú, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ó fi òkúta gbẹ́ ère, Kàsálì Àkàngbé tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, àti àwọn mìíràn. Ẹ fetí sí orúkọ wọn dáadáa, ẹ óò gbọ́ orúkọ ìmàle nínú wọn. Wọ́n fi amọ̀, sìmẹ́ńtì àti irin mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí: òrìṣà tí ó ga ju ilé lọ, tí apá rẹ̀ nà lọ bí ẹ̀ka igi, àti ẹnu ọ̀nà tí ó ya bí ẹnu ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé wọn sí. Wọ́n gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà igbó, sí ìdí ojúbọ tí ó wó, sí ibi tí àwọn tí ń ta ilẹ̀ ti ń nà sí. Ẹni tí kò bẹ̀rù èèwọ̀ mọ́ lè gé igi ìrókò láì wẹ̀yìn. Kò rọrùn fún un láti gbé katakátà kọlu ère tí ó ga ju òun lọ, tí àwọn ènìyàn ń ti òkè òkun wá wò. Níbi tí èèwọ̀ ti wó, ère ni obìnrin yìí fi ṣọgbà.

Sckell fi ọ̀pá fa ìlà, ìjọba sì tẹ̀ lé ìlà náà. Ti Àdùnní kò rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fa ìlà, àwọn ọdún tí ó gùn ni ó sì kọjá kí ìjọba tó tẹ̀ lé e. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ni ìkéde náà tó kárí gbogbo rẹ̀, hẹ́kítà 75. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé, ó sì di ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Ọdún 40 gbáko ni láti 1965 sí 2005. Ọ̀dọ́ ni àwọn kan nínú àwọn bíríkìlà yẹn nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di bàbá àgbà kí ìwé UNESCO tó dé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ níbi tí ẹ jókòó sí. Àkọ́kọ́, ẹ ní ìbọ̀rìṣà ni, Kìrìsìtẹ́nì ni yín, Mùsùlùmí ni yín. N kò pè yín láti wá bọ Ọ̀ṣun. Ẹni tí kò bọ Ọ̀ṣun náà ń mu omi odò Ọ̀ṣun, igi tí ó sì ń gba ìjì dúró kì í bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ó le jù, n kò sì ní fo ó dá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó sọ pé ère Àdùnní kò jọ ère Yorùbá. Wọ́n ní ère tiwa a máa dúró ṣinṣin, orí rẹ̀ a tóbi, ojú rẹ̀ a balẹ̀. Wọ́n ní èyí tí ó wà ní Òṣogbo jẹ́ àlá obìnrin Ọ́stríà kan, pé àlejò tí ó bá wọ inú igbó náà, Wenger ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó rí Ọ̀ṣun. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti dúró níwájú àwọn ère náà, mo sì gbà pé àwọn kan wà nínú wọn tí n kò lè ka ojú wọn. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, àwọn ìlú tí kò sí àjèjì kankan níbẹ̀ tí yóò ba ẹwà ère wọn jẹ́, níbo ni igbó wọn wà? Ohun tí mo máa fi kún ẹjọ́ àwọn aṣòfíntótó ni pé ìtìjú wa ni ó jẹ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá bá àga tí ó ṣófo ni.

Ó gba oyè orílẹ̀-èdè, MFR, ní 2005. Ó kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, 2009, ní ẹni ọdún 93, inú igbó náà ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni ó ń bá iṣẹ́ náà lọ. Kò sì rọrùn fún wọn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí amọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò náà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ère kò lè ṣọgbà yí omi tí ń ṣàn ká.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Àwa náà ní igbó tiwa ní Èsìẹ́. Kò sí ibòmíràn tí a kó ère òkúta tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ sí ojú kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún, ọkùnrin àti obìnrin tí ó jókòó, irun wọn dì, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, àwọn mìíràn sì mú idà dání. Òkúta rírọ̀ tí irin lè gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ìtàn àwọn àgbà Èsìẹ́ ni pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Abẹ́ igi, nínú igbó, ni wọ́n wà, tí àwòrò wọn ń bọ wọ́n, títí tí Ramshaw, òyìnbó ìjọ CMS tí ń bẹ ilé-ìwé wò, fi kọ ìròyìn nípa wọn ní 1933. Ní 1945, ìjọba dá mùsíọ́mù sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi èyí yangàn. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ifẹ̀: Èsìẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ti dá kúrò lọ́rùn, ewu àwọn olè sì pọ̀ lórí wọn dé ibi pé nígbà tí ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, ṣe Àkójọ Pupa ní 2000, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ohun ọnà Áfíríkà tí olè ń lépa jù sí, ère Èsìẹ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kọ́lé fún ère, a fi kọ́kọ́rọ́ sí i, a sì ṣe dáadáa. Ìbéèrè atọ́kùn ṣì wà níbẹ̀. Ère ni ìjọba ń sanwó fún ẹni tí ń ṣọ́. Igbó ńkọ́?

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dání, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí afinimọ̀nà ń sọ sínú ìwé wọn. Bí a ti ń jáde, ọ̀kan nínú wọn nàka sí igi ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni orúkọ igi yìí lédè Yorùbá?" Mo wo igi náà. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá, n kò mọ̀ ọ́n. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó nítòsí gbọ́ wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ súnmọ́ mi." Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí igi náà àti sí méjì mìíràn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pe orúkọ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ èyí tí a kì í fi dáná nínú wọn. Mo yára kọ méjì sílẹ̀. Ìkẹta ti bọ́ lórí mi kí n tó dé ìdí ọkọ̀.